Kí ẹ tó sọ pé "bí mo ṣe rí nìyẹn": ìtọ́sọ́nà sí mímọ ìwà ara ẹni

Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì ìgbaninímọ̀ràn. Kì í pẹ́ tí olùdarí fi ń bi wọ́n pé èwo ni wọ́n nínú irú ìwà mẹ́rin: sanguine, choleric, melancholic àti phlegmatic. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ á di sanguine, ẹni tó ń pàṣẹ á di choleric. Láti ọjọ́ náà ni àwáwí ti délé: "Ẹ má bínú, choleric ni mí, bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn." Àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní lẹ́tà mẹ́rin tiwọn, INFJ, ENTP àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, láti inú ìdánwò ìwà tí wọ́n ń pè ní Myers-Briggs, tí wọ́n ń kọ sábẹ́ orúkọ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ sábà máa ń ṣe, ibi tí ẹ ti ń ṣe é, àti èwo nínú rẹ̀ ló ń gbé ọkàn yín ró, èwo ló ń bà á jẹ́. Ìwé kékeré kan, bírò kan, ènìyàn mẹ́ta tó mọ̀ yín dáadáa àti ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ nílò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ jáde nínú àpótí

Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ti pẹ́ láyé. Galen, oníṣègùn ará Pergamon, tó gbé ayé ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, wà lára àwọn tó tan ẹ̀kọ́ náà kálẹ̀. Wọ́n gbà pé omi ara mẹ́rin ló ń darí ènìyàn: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro pupa rúsúrúsú àti òróòro dúdú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ á máa yọ̀, ẹni tí òróòro dúdú rẹ̀ bá pọ̀ á máa banú jẹ́, òun ni wọ́n pè ní melancholic. Àwọn dókítà ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Kò sí òróòro dúdú kankan nínú ara ẹnikẹ́ni. Orúkọ ló ṣẹ́kù, òun la wá fi ń yan ọkọ fún ọmọ wa.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Ṣùgbọ́n ó bá mi mu!" Ní 1948, Bertram Forer, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìdánwò, lẹ́yìn náà ó fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ìwé tó ní ó ṣàpèjúwe ìwà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi máàkì láti 0 dé 5 sọ bí ìwé náà ṣe bá wọn mu tó. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo máàkì náà pọ̀ tí wọ́n pín in, ó jẹ́ 4.26. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú ìwé gbogbo wọn, inú ìwé awòràwọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni Forer sì ti ṣà á kọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ràn yín, pé ẹ máa ń bá ara yín wí jù, pé ẹ ní ẹ̀bùn tí ẹ kò tíì lò. Ta ni kò rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ dán an wò nílé. Kí ẹnìkan kọ àpèjúwe irú ènìyàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, kó yọ orúkọ wọn kúrò, kó wá kà á sí yín létí. Ẹ fi ìka ka iye tí ẹ bá ara yín nínú rẹ̀.

Ti lẹ́tà mẹ́rin náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù. Katharine Briggs àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Isabel Briggs Myers, ló fi èrò tí Carl Jung, oníṣègùn ọkàn ará Switzerland, gbé jáde ní 1921 ṣe é. Ó ń la àwọn èèyàn sí méjì láàárín gbùngbùn, bẹ́ẹ̀ àárín gan-an ni àwa tó pọ̀ jù wà. Ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo lè gbé yín láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gba lẹ́tà mìíràn bí wọ́n bá tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Kí a má sì dá òyìnbó nìkan lẹ́bi o. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìbejì, kó tó mọ ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò ni a ti ní Èṣù lẹ́yìn ìbejì ni, pé Ìdòwú ò ní gbọ́ràn. Ọmọ tí gbogbo agbo ilé bá ń retí agídí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ìkókó, kí ló máa ṣe ju kó fún wọn ní ohun tí wọ́n ń retí?

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ òṣùwọ̀n márùn-ún

Ní 1936, Gordon Allport àti Henry Odbert, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàpèjúwe ènìyàn jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000. Èrò tó wà nídìí iṣẹ́ náà ni pé ohunkóhun tó bá ṣe pàtàkì nínú ìwà ẹ̀dá, àwọn tó ń sọ èdè á ti fún un lórúkọ. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á kù. Nígbà tó di 1961, Ernest Tupes àti Raymond Christal, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, rí i pé bó ṣe wù kí wọ́n di àwọn ọ̀rọ̀ náà ní ìdì-ìdì, márùn-ún ló ń jáde. Lewis Goldberg, Paul Costa àti Robert McCrae wà lára àwọn tó sọ márùn-ún náà di ohun tí àwọn onímọ̀ ń lò jù lọ lónìí.

Òṣùwọ̀n ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń wọn gíga. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ẹ̀yà ènìyàn méjì ló wà láyé, àwọn gíga àti àwọn kúkúrú. Díẹ̀ ló ga fíofío, díẹ̀ ló kúrú gan-an, àwọn tó kù wà láàárín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwà.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀yàyà. Ẹni tó ga níbẹ̀, àárín èrò ló ti ń rí agbára gbà. Ẹni tó rẹlẹ̀, èrò ló ń tán an lókun. Ìtìjú kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń tijú fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tí ọ̀yàyà rẹ̀ kéré lè gun orí pèpéle kó sọ̀rọ̀ tó gún régé, kó sì fẹ́ dá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìkejì ni ìfẹ́ ohun tuntun: oúnjẹ tí a kò jẹ rí, èrò tó ta ko tiwa, iṣẹ́ ọnà, ìlú àjèjì. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, àfi láàárín bàbá tó fẹ́ kí ọmọ kọ́ṣẹ́ lọ́yà àti ọmọ tó fẹ́ máa ya àwòrán.

Ìkẹta ni àmójútó: ètò, ìforítì, ká ní a ó ṣe nǹkan ká sì ṣe é. Àwọn tó ga nínú èyí sábà máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tó rẹlẹ̀. Lára ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ń lo oògùn wọn bí dókítà ṣe ní kí wọ́n lò ó, wọn kì í sì í fi ẹ̀mí wọn wéwu lójú títì. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, ẹni náà kò ní lè jókòó jẹun nígbà tí abọ́ kan bá ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì fọ̀.

Ìkẹrin, ìgbatẹnirò, ni ibi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń forí fá a. A tọ́ wa láti máa gba ti ẹlòmíràn rò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ga níbẹ̀ ni gbogbo ẹbí ń sáré sí: òun ló ń san owó ilé ìwé ọmọ àbúrò, òun ló ń gba gbogbo aṣọ ẹbí, òun ni wọ́n ń ní kó ṣe onídùúró fún ẹni tó fẹ́ yá owó. Kì í lè sọ pé rárá. Bó bá wá di alẹ́, inú á máa bí i sí àwọn tó fún ní nǹkan, á sì tún máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé inú ń bí òun. Ẹni tó rẹlẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú dandan. Òun ló máa sọ òótọ́ ní ìpàdé ẹbí nígbà tí gbogbo èèyàn ń wolẹ̀, òun ni ẹ sì máa fẹ́ kó bá yín na ọjà.

Ìkarùn-ún ni àìbàlẹ̀ ọkàn. Ẹni tó ga níbẹ̀, àyà rẹ̀ kì í pẹ́ já. Ọ̀gá ní "wá rí mi lọ́la", ó ti pàdánù iṣẹ́ lọ́kàn ara rẹ̀. Ọmọ pẹ́ díẹ̀ kó tó dé láti ilé ìwé, ó ti ń rí ìjàǹbá ọkọ̀. Ara máa ń gbà nínú rẹ̀: oorun á dá lójú, inú á máa ru, orí á máa fọ́. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbọ́ ni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Mi ò fara mọ́ ọn. Kí ẹni tó ń gbàdúrà máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú ọkàn tó tètè ń gbọ̀n kò dẹ́ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó fi ìbejì inú ẹyin kan wé ìbejì inú ẹyin méjì rí i pé ó tó nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ ìwà láàárín àwọn èèyàn, nínú òṣùwọ̀n márààrún, tó wá láti inú àjogúnbá. Ẹ wo ìyá yín, ẹ wo àbúrò bàbá yín, ẹ lè rí ibi tó ti wá. Ọkàn yìí kan náà ló sì ń jẹ́ kí ẹni náà rántí ti ilẹ̀kùn lálẹ́, kó sì tètè mọ̀ pé ara ọmọ gbóná.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fún ara yín ní máàkì

Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́wàá yìí sínú ìwé. Ẹ fi 1 sí èyí tí kò jọ yín rárá, 5 sí èyí tó jẹ́ ẹ̀yin gẹ́lẹ́, kí 2, 3 àti 4 wà fún èyí tó bá wà láàárín.

1. Tí mo bá dé òde àríyá, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ bá ẹni tí mi ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀.
2. Tí mo bá ti pẹ́ díẹ̀ láàárín èrò, kọ́lọ́fín ni mo máa ń wá.
3. Mo lè fi wákàtí kan ro ọ̀rọ̀ tí kò ní mówó wọlé.
4. Oúnjẹ tí mi ò jẹ rí, mi ò ní fẹ́ tọ́ ọ wò.
5. Ohun tí mo bá bẹ̀rẹ̀, mo máa ń parí rẹ̀, kódà bó bá ti sú mi.
6. Ó di ọjọ́ tó bá ku ọ̀la kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
7. Tí mo bá mọ̀ pé mo ṣẹ ẹnìkan, mi ò ní lè sùn.
8. Ohun tó bá wà níkùn mi ni màá sọ, ẹni tó bá dùn kó dùn ún.
9. Tí fóònù bá dún lóru, ọ̀rọ̀ òfò ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.
10. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ lọ́sàn-án, mo ti máa ń gbàgbé rẹ̀ kó tó dalẹ́.

Méjì-méjì ni wọ́n rìn: ọ̀yàyà, ìfẹ́ ohun tuntun, àmójútó, ìgbatẹnirò, àìbàlẹ̀ ọkàn. Èyí tó jẹ́ ìkejì nínú méjì kọ̀ọ̀kan ń fà sí òdì kejì, nítorí pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n ń dáhùn sí gbogbo nǹkan. Torí náà, ẹ yọ máàkì gbólóhùn kejì, kẹrin, kẹfà, kẹjọ àti kẹwàá kúrò nínú 6, kí ẹ wá fi ohun tó kù kún ti ẹnìkejì rẹ̀. Bí ẹ bá kọ 4 sí ìkíní, tí ẹ kọ 5 sí ìkejì, 6 dín 5 jẹ́ 1, ọ̀yàyà yín wá di 5 nínú 10. Iye tó kéré jù tí ẹ lè gbà ni 2.

Ìwé ilé ìwòsàn kọ́ nìyí o, èmi ni mo to gbólóhùn wọ̀nyí jọ kí ẹ lè ní ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fẹ́ èyí tó jinlẹ̀, kó wá International Personality Item Pool, àkójọ gbólóhùn nípa ìwà tí Goldberg dá sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bi àwọn tó mọ̀ yín

Simine Vazire, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2010, ó rí i pé ohun tó wà nínú lọ́hùn-ún, bí àìbàlẹ̀ ọkàn, àwa fúnra wa la mọ̀ ọ́n jù. Ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ rere tàbí búburú so mọ́, bí ọgbọ́n orí, àwọn ọ̀rẹ́ wa máa ń ríran níbẹ̀ jù wá lọ. Ta ló fẹ́ gbà pé òun gọ̀?

Ẹ yan mẹ́ta: ọ̀kan nínú ẹbí, ọ̀kan níbi iṣẹ́ tàbí lọ́jà, ọ̀rẹ́ kan. Kó má jẹ́ ìyá yín nìkan. Ẹ má sì bi wọ́n pé "irú ènìyàn wo ni mo jẹ́?" Ìyìn ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn, pàápàá bí wọ́n bá kéré sí yín lọ́jọ́ orí. Ohun tí wọ́n lè fi ojú rí ni kí ẹ bi wọ́n. Sí ẹni tó jù yín lọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, tí inú bá fẹ́ máa bí mi, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń rí lára mi?" Sí ọ̀rẹ́: "Ìgbà wo lo máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó o tó pè mí?" Sí àbúrò tàbí ọmọ iṣẹ́, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó má baà jẹ́ pé ojú yín ló ń wò sọ̀rọ̀.

Ohun tó le jù níbẹ̀ ni dídákẹ́. Ẹ gbọ́, ẹ kọ ọ́, ẹ dúpẹ́. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé pé ọjọ́ yẹn kọ́ ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní sọ òmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìwé ọ̀sẹ̀ méjì

Ní 1968, Walter Mischel sọ ọ̀rọ̀ kan tó da àárín àwọn onímọ̀ ìwà rú: pé ohun tí ènìyàn ṣe níbì kan kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tó máa ṣe níbòmíràn. Àríyànjiyàn náà gùn. Ibi tó padà já sí ni pé ìwà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ lé ibi tí ènìyàn wà, ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó dákẹ́ bí òkúta níbi iṣẹ́ lè jẹ́ òun ló ń pa gbogbo ẹbí lẹ́rìn-ín ní Ìlá.

Nítorí náà, fún ọ̀sẹ̀ méjì, lálálẹ́, ẹ kọ ìlà mẹ́ta péré. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló wà níbẹ̀, kí sì ni aago wí? Kí ni mo ṣe? Ẹ má kọ "mo jẹ́ oníbìínú" síbẹ̀. Ìdájọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, ṣàpẹẹrẹ. Ó gba 9 nínú àìbàlẹ̀ ọkàn, ó sì gbà pé òun kì í fara balẹ̀ fún ènìyàn. Nígbà tó ka ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó rí i pé gbogbo ìgbà tí òun gbó mọ́ oníbàárà, agogo méjì ọ̀sán ti kọjá, òun kò sì tíì jẹ ju búrẹ́dì lọ láti àárọ̀. Ìgbà tí òun pariwo mọ́ ọmọ nílé, ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ò jẹ́ kí òun sùn lóru tó ṣáájú. Ní ọjọ́ Àìkú, kò sí ìjà kankan. Ìwà rẹ̀ kò yí padà lọ́jọ́ Àìkú. Ebi àti àìsùn ni kò sí níbẹ̀. Àtúnṣe tó máa kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́ jẹ́ abọ́ ìrẹsì agogo méjìlá, kì í ṣe ẹ̀kọ́ lórí sùúrù.

Ohun tí ẹ ń wá nínú ìwé yín ni gbólóhùn tó ní "bí": bí ó bá rí báyìí, mo máa ń ṣe báyìí. Bí ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta tó ń padà wá, ẹ fa ìlà sábẹ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tún àyíká ṣe kí ẹ tó tún ara yín ṣe

Ibí yìí ni ìrọ̀rùn pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn ń fò kọjá.

Bí àmójútó yín bá rẹlẹ̀, tí owó kì í dúró lọ́wọ́ yín, ẹ má wulẹ̀ búra pé ẹ máa yí padà. Àwọn bàbá àti ìyá wa ti mọ̀ pé ìbúra kì í tọ́jú owó, wọ́n fi àjọ ṣe é. Alájọ ń bọ̀ lójoojúmọ́, ó dúró lójú yín, ó na káàdì sí yín, owó kúrò lọ́wọ́ yín kó tó di ohun tí ẹ ń ro. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ló ń gbà fún iṣẹ́ náà. Ẹ wá alájọ fún àwọn nǹkan yòókù náà: ẹni tí ẹ máa jọ rìn láàárọ̀ tó máa kanlẹ̀kùn, tàbí báǹkì tí ẹ ti pàṣẹ fún pé kó máa yọ owó ilé lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé.

Bó bá jẹ́ ọ̀yàyà ló rẹlẹ̀, ọ̀wàǹbẹ̀ kì í ṣe ìyà tí ẹ gbọ́dọ̀ jẹ tán. Ẹ tètè dé, kí èrò tó pọ̀, kí olóde lè rí yín kedere. Ẹ gba iṣẹ́ kan ṣe, bíi pínpín ẹ̀bùn fún àlejò; ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kì í ní kí ẹnu wá ọ̀rọ̀ kiri. Kí ẹ sì ti sọ fún ẹni tí ẹ jọ wá pé agogo báyìí ni ẹ máa lọ.

Ìgbatẹnirò tó ga jù nílò gbólóhùn tí ẹ ti sè sílẹ̀, torí lójú ẹsẹ̀ "ó dáa" ló máa jáde. Tèmi rọrùn: "Ẹ jẹ́ kí n wo àpò mi, màá pè yín lọ́la." Ọ̀la yẹn ni gbogbo agbára rẹ̀. Fún aṣọ ẹbí, ẹ pinnu iye tí ẹ máa rà lọ́dún kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, bó bá ti pé, ẹ sọ pé: "Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi. Mi ò ní lè ra aṣọ, ṣùgbọ́n màá wá bá yín yọ̀." Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, ẹ pè é lórí fóònù tàbí kí ẹ lọ bá a nílé, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́. Orí WhatsApp kọ́ ni a ti ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni pé rárá. Àwọn kan á bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú fún ìgbà díẹ̀.

Fún àìbàlẹ̀ ọkàn, Thomas Borkovec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọgbọ́n kan jáde ní 1983 tí mo fẹ́ràn nítorí pé kò ní kí ènìyàn má ṣe dààmú mọ́, ó kàn fún ìdààmú ní wákàtí iṣẹ́ ni. Ẹ yan ààbọ̀ wákàtí kan lójúmọ́, ibì kan náà, aago kan náà. Kó má jẹ́ orí ibùsùn, kó má sì súnmọ́ ìgbà oorun. Bí ìdààmú bá dé ní ìgbà mìíràn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ sọ fún un pé ó di agogo márùn-ún, kí ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín. Nígbà tí agogo márùn-ún bá lù, ẹ jókòó, ẹ ro gbogbo rẹ̀ dáadáa. Nínú ohun tí ẹ kọ láàárọ̀, ẹ ó rí àwọn kan tó ti kú fúnra wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ yan ohun kan ṣoṣo láti yí padà

Ìwà lè yí padà. Láàárín ọmọ ogún ọdún sí ogójì ọdún, àmójútó ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ga sí i, ọkàn wọn sì máa ń balẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá fẹ́ dúró de ọjọ́ orí, ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn "bí" tí ẹ fa ìlà sí, kí ẹ yí ìdajì rẹ̀ kejì padà. Peter Gollwitzer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló kọ ẹ̀rí jọ ní 1999 pé ẹni tó ti sọ ibi àti ìgbà tí òun máa ṣe nǹkan máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní òun fẹ́ ṣe é. "Màá máa ní sùúrù" kò wúlò. "Bí ọmọ bá da omi sílẹ̀, màá kọ́kọ́ mú aṣọ ìnulẹ̀ kí n tó lanu" wúlò, nítorí ọwọ́ yín mọ ohun tó máa ṣe.

Kó kéré. Ìwádìí tí Nathan Hudson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó jáde ní 2019, fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ kékeré tí wọ́n yàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí ibi tí wọ́n fẹ́. Àwọn tó gba iṣẹ́ náà tí wọn kò ṣe é tún lè rìn sẹ́yìn. Torí náà, bó bá jẹ́ ọ̀yàyà ni ẹ fẹ́, kí ẹ kí aládùúgbò kan ní orúkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ti tó. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ tún gbólóhùn mẹ́wàá yẹn dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ wo ẹlòmíràn bí ẹ ṣe ń wo ara yín

Lee Ross, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, ṣàlàyé àṣìṣe kan ní 1977 tí a ń ṣe lójoojúmọ́ ní Ojúẹlẹ́gba: bí awakọ̀ kan bá já wọ iwájú wa, a ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, bí àwa bá já wọ iwájú ẹlòmíràn, ó jẹ́ nítorí pé a ti pẹ́. Kí ẹ tó sọ pé ìwà ìyàwó ọmọ yín nìyẹn, ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta tí ẹ fi ń wo ara yín: kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló wà níbẹ̀, ṣé ó ti jẹun?

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ mọ ìgbà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà mọ́

Ìwà máa ń pẹ́ lára ènìyàn. Bí ẹni tó ń túraká tẹ́lẹ̀ bá wá ń sá fún gbogbo èèyàn, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́, tí oorun tàbí oúnjẹ rẹ̀ yí padà, tí èyí sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má pè é ní melancholic. Ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú. Bí èrò pé kí òun kú bá ń wá sí i lọ́kàn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 988 wà fún irú èyí. Ní England, ènìyàn lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ètò ìjọba tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, láìjẹ́ pé dókítà kọ̀wé fún un.

Mo mọ ohun tí Àrò àti Yábàá túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ṣùgbọ́n ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Àwọn mìíràn nílẹ̀ òkèèrè wá kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 náà ti gba ipò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Kò pọn dandan kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Àrò. Dókítà ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín lè kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò, torí àìsàn thyroid, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà níwájú ọrùn, tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè jọ ìbànújẹ́. Ẹ mú ìwé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn dání. Wọ́n á bi yín ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe ń sùn, ohun tí ẹ ń jẹ, oògùn tí ẹ ń lò àti àgbo tí ẹ ń mu. Ẹ sọ ti àgbo náà.